Kí Abẹ́rẹ́ Tó Dé Ara Ọmọ, Kí Ọ̀rọ̀ Ti Dé Etí Òbí

Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti wọ ilẹ̀ wa ni ojú olùkọ́ ti kún igba ojú náà. Ní òwúrọ̀ ni ìyá yóò ti fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́, kò sì ní fi ojú kàn án mọ́ títí di ọ̀sán. Láàárín wákàtí wọ̀nyí, bí ọmọ bá ṣubú, olùkọ́ ni yóò gbé e. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé nígbà tí ìjọba bá fẹ́ kí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni àwọn nọ́ọ̀sì í gbà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ péjọ sí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ìyá fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́ pé kí ó kọ́ ọ ní ìwé, ǹjẹ́ ó fa ara ọmọ náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú, pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé abẹ́rẹ́ dé gún un? Ìdáhùn tiwa ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bíbéèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí kì í ṣe ìdènà fún iṣẹ́ ìlera ní ilé-ìwé, bí àwọn òṣìṣẹ́ kan ti rò. Òun gan-an ni ìpìlẹ̀ tí iṣẹ́ náà dúró lé, ibi tí a kò bá sì ti fi í lélẹ̀, ilé náà yóò wó lulẹ̀ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwa kò sí lára àwọn tí ń bú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìgbóná, àrùn tí àwọn bàbá wa kò jẹ́ fi ẹnu lásán pe orúkọ rẹ̀, ti kúrò ní ayé. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó sì lé e lọ. Ní oṣù kẹjọ 2020 ni a jẹ́rìí sí i pé oríṣi àrùn rọpárọsẹ̀ tí a bá láyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá mọ iye ọmọ tí àrùn méjèèjì yìí ti pa tàbí tí ó ti sọ di arọ kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ àwọn alábẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa. Àrùn kan wà tí a ń pè ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, obìnrin bí 12,000 ni àrùn yìí mú ní Nàìjíríà, àwọn bí 8,000 ni ó sì pa. Kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní HPV ni ó ń fa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń bá ràn, ó sì lè tó ọdún 15 sí 20 kí ìpalára rẹ̀ tó di jẹjẹrẹ. Nítorí èyí ni ọmọbìnrin tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kí ó tó mọ ọkùnrin fi ń jẹ èrè rẹ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ yìí ní ìpínlẹ̀ 15 àti ní Àbújá. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú wọn. Ní oṣù karùn-ún 2024 ni ó kan àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, tí Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì àti Kwárà wà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gba abẹ́rẹ́ náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Scotland, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2008, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2024 fi hàn pé wọn kò rí ẹyọ jẹjẹrẹ yìí kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà pé pérépéré nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13.

Síbẹ̀síbẹ̀, nígbà tí a gbé ohun rere yìí dé, àwọn òbí kan ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan ní yóò sọ ọmọ di àgàn. Àwọn kan béèrè pé èéṣe tí ó fi jẹ́ ọmọbìnrin nìkan, èéṣe tí ó sì fi jẹ́ ilé-ìwé, níbi tí ojú òbí kò sí? Àwọn mìíràn ní bí a bá gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní abẹ́rẹ́ nítorí àrùn tí ń bá ìbálòpọ̀ wá, a ti kọ́ ọ ní ìṣekúṣe nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ àgàn yìí káàkiri ayé, wọn kò rí ẹ̀rí kankan fún un. Ní ti ìṣekúṣe, ẹni tí ó tún òrùlé rẹ̀ ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn kò pe òjò; ó ń múra dè é ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, bí ó ti wù kí wọ́n dára tó, kò wúlò bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti wọlé ni a tó sọ wọ́n. Ìdáhùn tí ó bá pẹ́ kí ó tó dé a máa dà bí àwáwí.

Kí a má sì ṣe rò pé àìmọ̀kan lásán ni ó ń bí ìfura. Ìfura ní ìtàn. Ní 1996, àrùn yìrùnyìrùn jà ní Nàìjíríà, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 11,000 lọ. Ní àárín ìpọ́njú yìí ni ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer ti Amẹ́ríkà wá sí ilé ìwòsàn kan ní Kánò, tí wọ́n dán oògùn tuntun tí a ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ bí 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà: ìdajì wọn gba oògùn tuntun, ìdajì gba èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn kú. Àwọn òbí kan ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ìtọ́jú ni àwọn rò pé ọmọ àwọn ń gbà. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda ní ẹnu, àti pé àrùn náà ni ó pa àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ náà pẹ́ ní kóòtù, títí ilé-iṣẹ́ náà fi gbà ní 2009 láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ọ̀ràn pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò, láì gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Kánò dá oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu dúró, ó sì tó nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kí wọ́n tó gbà á padà ní 2004. Ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ti ogun ilẹ̀ òkèèrè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà gbà pé ìrántí 1996 wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn gba àhesọ gbọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló a sá. Àrùn náà gbéra láti ìhà àríwá Nàìjíríà, ó padà wọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ó fi dé Indonesia ní 2005. Ní 2006, ó ju ọmọ 1,100 lọ tí ó mú ní Nàìjíríà nìkan. Ìyọ̀ǹda tí àwọn òbí Kánò ní a kò gbà lọ́wọ́ àwọn ní 1996, ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni ó san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Kí àwa ará gúúsù má sì ṣe fi Kánò rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹwàá 2017, àhesọ kan tàn ká àwọn ìpínlẹ̀ kan ní ìhà ìlà-oòrùn gúúsù pé àwọn ọmọ-ogun ń wọ ilé-ìwé láti gún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ tí yóò kó àrùn mọ̀ńkípọ́ọ̀sì ràn wọ́n. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ju pé àwọn ọmọ-ogun ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ará ìlú ní Anambra lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òbí sáré lọ sí ilé-ìwé, wọ́n sì kó ọmọ wọn jáde. Bí ó bá ti jẹ́ àṣà láti máa sọ fún òbí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìwé àti pẹ̀lú ẹnu, nígbàkúùgbà tí alábẹ́rẹ́ bá ń bọ̀, òbí ìbá mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé irọ́ ni, nítorí pé kò sí ìwé kankan tí ó dé ọwọ́ òun.

Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín pẹ̀lú, a ti rí i rí pé ohun rere tí kò bá yé ènìyàn a máa korò lẹ́nu wọn. Ní oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìjọba kan náà ni ó sọ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 di ọ̀fẹ́. Ta ni yóò jiyàn lónìí pé kì í ṣe ohun rere? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bu owó-orí lé àwọn ará ìlú nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, kí àǹfààní rẹ̀ tó hàn, inú ọ̀pọ̀ kò dùn sí i, a sì ka èyí mọ́ ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba náà fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Àwọn ilé-ìwé ṣí, àwọn òbí fi ojú ara wọn rí i, ẹgbẹ́ kan náà sì borí nínú ìbò ti 1956. Ohun rere náà kò yí padà. Òye àwọn ènìyàn ni ó yí padà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe oore fún ará ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀.

Kí wá ni ìyọ̀ǹda? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ń ta elùbọ́. Ó ti ọjà dé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ fa ìwé kan yọ nínú àpò. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì wẹ́. Ìlà tí ó kẹ́yìn ni pé òbí tí kò bá dá ìwé náà padà, ó ti gbà nìyẹn. Òwúrọ̀ ọ̀la sì ni abẹ́rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ilé-ìwé lọ.

“Ẹ kú àárọ̀, tíṣà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n kọ sínú ìwé yìí?”

“Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Rísíkàtù. Abẹ́rẹ́ ni, mà. Wọ́n ní kí a pín in ni, a sì ti pín in.”

“Abẹ́rẹ́ kí ni?”

“Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó mọ̀ ọ́n, mà.”

Bí ìyá yìí bá mú ọmọ rẹ̀ padà sílé, ta ni a óò bá wí? Ṣé òun ni, tàbí tíṣà tí a kò sọ ohunkóhun fún, tàbí ẹni tí ó kọ ìwé tí ìyá ọmọ kò lè kà? A kò gbọdọ̀ pe dídákẹ́ ní ìyọ̀ǹda. Ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè kò dáhùn rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa kò sì dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní 2014 sọ ní abala rẹ̀ kẹtàlélógún pé ẹni tí ń tọ́jú ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó tún fi kún un pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí onítọ̀hún gbọ́ ni kí a fi sọ ọ́, kí a sì wo bí ó ti mọ ìwé tó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le rárá: ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkirè, Yorùbá ni kí a fi bá òbí sọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń sáré láti parí iṣẹ́. Ìyá ọmọ mọ ohun tí dókítà kò mọ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé wa ni a ti ń pín oògùn aràn àti oògùn àtọ̀sí ajá. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí pé ọmọ tí aràn ń bá pín oúnjẹ jẹ kò lè ní ẹ̀jẹ̀ lára, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kò lè wọ orí rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ kí wọ́n tó mọ iye hóró oògùn àtọ̀sí ajá tí ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kò lè sọ bóyá ọmọ jẹun kúrò nílé. Bí ọmọ bá sì lo oògùn yìí sí inú òfìfo, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè bì. Bí ọmọ mẹ́ta bá bì nínú kíláàsì kan, àhesọ ti délé kí agogo ìsinmi tó lù. Ọ̀pá náà kò lè sọ bóyá ọmọ ní wárápá, tàbí bóyá ara rẹ̀ gbóná lóru àná, tàbí bóyá oògùn kan kò bá ara rẹ̀ mu rí. Òbí ni ó lè sọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá béèrè ìyọ̀ǹda, ìmọ̀ ni a ń gbà lọ́wọ́ òbí, kì í ṣe àṣẹ nìkan.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá ní kí a dúró de ìfọwọ́sí gbogbo òbí, iṣẹ́ kò ní parí, àrùn yóò sì máa pa ọmọ. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, a kò sì fi ojú di í. Àkọ́kọ́, ọ̀ràn pàjáwìrì yàtọ̀: ọmọ tí ó ṣubú tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró de ìwé kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Èkejì, abẹ́rẹ́ tí a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn kì í ṣe pàjáwìrì. Ẹni tí ó ní àkókò láti kó abẹ́rẹ́ sínú yìnyín láti òkèèrè dé abúlé ní àkókò láti bá òbí sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí a bá fi ṣàlàyé lè gba ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ìfura.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, idà yìí ní ojú méjì. Ẹ̀tọ́ láti dáhùn kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti sùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 pàṣẹ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Òbí tí a pè sí ìpàdé tí kò wá, tí ó wá fi ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ọlọ́kadà dá ọmọ rẹ̀ dúró, kò lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ṣì í lò ni. Ọmọbìnrin tí a fi ilẹ̀kùn abẹ́rẹ́ dé lónìí nítorí àhesọ, òun ni yóò jìyà rẹ̀ nígbà tí ó bá di ìyá ọlọ́mọ. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ogún ọmọ rẹ̀ jẹ́. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ lọ sí ilé ìtọ́jú tí ó súnmọ́ yín kí ẹ béèrè. Àbéèrè kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣìnà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni àárín méjì. Òǹkọ̀wé yìí ti di ẹfun mú níwájú pátákó rí, ó sì mọ̀ pé ẹrù yín ti wúwo tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin ni òbí gbà gbọ́. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe gba ìwé tí kò yé yín pín fún òbí. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì títí yóò fi yé yín, nítorí pé ẹ̀yin ni a óò bi. Ẹ má ṣe fi pankẹ́rẹ́ lé ọmọ sí orí ìlà abẹ́rẹ́. Ẹ má sì ṣe dójú ti ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ̀, kí ẹ má ṣe lé e sílé. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ní ti ìjọba, ìlànà ìlera ilé-ìwé ti wà fún orílẹ̀-èdè yìí láti 2006, ó sì ka àjọṣe ilé-ìwé pẹ̀lú ilé àti àwùjọ mọ́ ọ̀kan nínú òpó rẹ̀ márùn-ún. Kí òpó náà má ṣe wà lórí ìwé nìkan. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Èkínní, kí ìwé ìyọ̀ǹda jẹ́ Yorùbá ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ó sì dé ọwọ́ òbí ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Èkejì, kí ó sọ orúkọ oògùn, àrùn tí ó wà fún, ohun tí ó lè ṣe ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tí òbí lè tọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, kí àyè méjì wà nínú rẹ̀, ti “mo gbà” àti ti “n kò gbà,” pẹ̀lú àyè fún òbí láti sọ àrùn tí ọmọ rẹ̀ ní. Ẹ̀kẹrin, kí a pe ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà àti oko ti tú, kí nọ́ọ̀sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí kò mọ ìwé kọ, kí ó tẹ̀ka. Ìyá àgbà tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí a má ṣe kà á sí àjèjì. Ẹ̀kẹfà, kí a sọ fún ọmọ fúnra rẹ̀ ohun tí a fẹ́ ṣe fún un, nítorí pé apá tirẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yóò wọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìjọba jẹ́ àgbà, olùkọ́ jẹ́ àgbà, òbí sì jẹ́ àgbà. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ẹnu kò, abẹ́rẹ́ yóò wọlé ní ìrọ̀rùn, àrùn yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fẹ́ gba ẹ̀yìn èkejì ṣe oore, oore náà yóò di ìjà, ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ dìde ni yóò sì wà ní àárín láì rí ìtọ́jú gbà. Kí a bi òbí. Kí òbí sì dáhùn.